Báàgì Àǹtí Ṣadé àti Àkáǹtì Màámi

Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún tó bá ti oko kòkó dé. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé lẹ́tà ni mo kọ, pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tíṣà ni mí, mi ò lè fi ẹnu lásán sọ ohun tó gùn tó báyìí. Lórí fóònù, o máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Níbí, wàá jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi tí o wá kí wa, nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo fẹ́ dáhùn. O ní àwọn agbowó-orí ní Ìbàdàn fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá ròyìn ohun tó wọlé fún ọ lọ́dún tó kọjá, kí oṣù kẹta tó parí. O ní o ṣí àkáǹtì rẹ wò, o rí iye owó tó ti gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí o ti ń tajà lórí fóònù, àyà rẹ sì já. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n máa fi àkáǹtì yín gbowó ọjà láti ìsinsìnyí lọ. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkankan." Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó. Ìdáhùn mi wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo mọ̀ ọ́, tí o bá ti rí i, o ò ní ka ìyókù mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Láti ìgbà tí o ti ṣègbéyàwó tí o kó lọ sí Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ọjà orí fóònù yìí ti ń yà mí lẹ́nu. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ra báàgì tí kò fọwọ́ kàn? Báwo ló ṣe mọ̀ pé okùn rẹ̀ le? Tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ tí kò wù ú ńkọ́, ta ló máa san owó ẹni tó gbé e lọ àti ẹni tó gbé e bọ̀? Bàbá rẹ ní kí n fi àwọn ọmọdé sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe tiwọn. Mi ò gbọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo wọ bàtà, mo gun ọ̀kadà, ó di ọ́fíìsì owó orí tó wà níbí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo bá níbẹ̀, tó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀ nítorí pé iná ti lọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni mo bá wá, ó ti ń na ọwọ́ sí ilé kejì. Mo ní rárá o, ìbéèrè ni mo ní, wọ́n sì tó mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní kí n jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ń ròyìn fún, nítorí náà àwọn ti Ìbàdàn ló ni ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà ṣírò rẹ̀ kò yàtọ̀. Tún bi wọ́n lọ́hùn-ún. Má lọ sọ fún wọn pé Màámi ló ní bẹ́ẹ̀.

Èkíní, owó tó wọ àkáǹtì rẹ kọ́ ni owó tí wọ́n fẹ́ kí o san owó orí lé lórí. Èyí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ kí àyà rẹ lè balẹ̀. Mo fi ọjà Àǹtí Ṣadé ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọkùnrin náà. Mo ní, "Obìnrin aránṣọ kan wà ní Ìsẹ̀ tó ń rán báàgì. Ó ń kó o fún ọmọ mi ní àgbàtà. Ó máa ní, 'Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni kí o mú wá fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.' Ohun tí ọmọ mi bá rí lé e lórí, tirẹ̀ ni. Tó bá tà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ta ló ni ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn?"

Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ̀rún méjì ni ti ọmọ yín. Mẹ́jọ tó kù, ti aránṣọ ni. Òun ló máa ròyìn tirẹ̀."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ló wọ àkáǹtì ọmọ mi."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ní ìwé tó máa fi hàn pé mẹ́jọ ti jáde, àti ẹni tó lọ bá."

Ìwé yìí gan-an ni wàhálà wa. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí àti ní Ìsẹ̀ lọ́hùn-ún, ta ló ń kọ ìwé sí àgbàtà? Ẹnu la fi ń ṣe é. Tí o bá mú bírò jáde níwájú ọ̀rẹ́ rẹ, o ti sọ fún un pé o ò fọkàn tán an nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé ojú máa tì ọ́ láti sọ fún Àǹtí Ṣadé, tó rán yunifọ́ọ̀mù rẹ láti jẹ́léósinmi títí dé ìwé mẹ́wàá, pé kó wá fọwọ́ síwèé. Ojú á ti èmi náà. Ohun tí mo rò ni pé, ní gbogbo ìgbà tí o bá gba ọjà, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, báàgì mẹ́fà ti dé, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣé." Òun á kà á sí ìkíni, àwọn agbowó-orí á sì rí nǹkan kà. Tí o bá fẹ́ san owó rẹ̀, má fi rán awakọ̀ mọ́. Fi í sínú àkáǹtì rẹ̀, kí o kọ ohun tó wà fún sí i. Ti ọdún tó kọjá tí o ti fi rán awakọ̀, kí ìwọ àti Àǹtí jọ jókòó sórí fóònù kí ẹ rántí ohun tí ẹ bá lè rántí.

Èkejì ni àwọn ìnáwó rẹ. Mo gbádùn ibí yìí gan-an. Ọmọkùnrin náà ní a ó yọ owó tí o fi ṣe ọjà kúrò nínú èrè náà kí a tó wá mọ ohun tó kù. Mo ní kó dárúkọ wọn. Ó ní náílọ̀nù àti páálí tí o fi ń di ọjà, owó ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ fún oníbàárà, owó tí àwọn tó ni ìkànnì tí o ti ń tajà lórí fóònù ń yọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, owó tí bánkì ń gé. Mo ní dátà ńkọ́? Ó ní dátà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èyí tó jẹ́ ti ọjà. Mo wá bi í bí ènìyàn ṣe ń pín dátà sí méjì, nítorí pé fóònù kan náà ni ọmọ mi fi ń tajà, òun náà ló fi ń wo fíìmù. Ó ní kí o wo ìlò rẹ dáadáa, kí o sọ òótọ́, bóyá ìlàjì ni, bóyá ìdá mẹ́ta, kí o má ṣe máa yí i padà bó ṣe wù ọ́.

Mo ní irun tó ṣe ńkọ́, kó tó gbé báàgì kọ́ èjìká láti ya fọ́tò? Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Màmá, irun yẹn, ó wà lórí rẹ̀ nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Mo gbà fún un. Ìwọ náà gbà fún un, má kọ owó irun síbẹ̀. Ohun tí o bá sì kọ, kó ní rìsíìtì. Tí ọlọ́kadà kò bá ní rìsíìtì, kọ ọjọ́, iye àti ibi tó lọ sínú ìwé kan, kí o sì fi owó náà ránṣẹ́ dípò kí o kó o lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹrù ara rẹ tí o tà. Mo bi í nípa aṣọ tí o wọ̀ tí kò gbà ọ́ mọ́, tí o sì tà ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní ohun tí ènìyàn rà, tó lò, tó wá tà ní iye tí kò tó iye tó rà á, èrè wo ló wà níbẹ̀? Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n bílẹ́ńdà ńkọ́? Mo ṣàlàyé fún un pé bílẹ́ńdà mẹ́rin ni wọ́n fi ta ọ́ lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó rẹ, o sì ta mẹ́ta. O ò ra wọ́n, èló ni a ó wá sọ pé o rà wọ́n? Ó họ orí, ó wọlé lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà jáde wá wo ẹni tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó ní ẹni tó ta ẹrù ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe oníṣòwò bílẹ́ńdà, ṣùgbọ́n tó bá di pé o ń ra bílẹ́ńdà láti tà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Mo ní kó tún un sọ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún un sọ. Nítorí náà, ya àwọn ẹrù ara rẹ sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ, má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti Àǹtí Ṣadé.

Ọmọkùnrin náà wá mú ẹ̀yìn ìwé kan, ó fi ohun tí mo sọ fún un ṣírò rẹ̀ wò. Ó ní owó kan wà tó jẹ́ pé tí ohun tó kù fún ènìyàn lọ́dún kò bá tó o, kò ní san nǹkankan. Ó ní lójú tòun, ó lè jẹ́ pé o ò ní san kọ́bọ̀, tí o bá sì san, kò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ròyìn, kódà bí ohun tí o máa san bá jẹ́ òfo. Ṣé o rí i, Àbẹ̀ní? Nǹkan tí o fẹ́ sá pamọ́ fún, ó lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni mo wá bi í. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Tí ẹnìkan bá wá fẹ́ máa fi àkáǹtì ìyá rẹ̀ gbowó ọjà ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìyá yẹn ni a máa wá bá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde. Mi ò tún béèrè nǹkankan mọ́, ó sì yà á lẹ́nu. Ìdí tí mo fi dákẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan bàbá rẹ.

Nígbà tí mo ṣì ń pọ̀n ọ́, owó oṣù tíṣà kì í dé lásìkò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ nínú yàrá iwájú ulé wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ulé ni mo kọ, bí a ṣe ń pe ilé ní Èkìtì. Sọ fún Túnjí ọkọ rẹ kó rẹ́rìn-ín tán ná. Ìyá Ṣadé, tó bí Àǹtí Ṣadé tó ń kó báàgì fún ọ, ló ń kó aṣọ náà fún mi ní àgbàtà láti Ìsẹ̀. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ máa ń ṣeré bí ẹgbẹ́. Nígbà tó yá, èmi náà ń fi owó ara mi ra aṣọ ní Àkúrẹ́, mo ń dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Mi ò kọ nǹkankan sílẹ̀. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ tí kò bá kọ déètì sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn agbowó-orí wọlé. Wọ́n rí aṣọ lórí okùn, lórí àga, lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ta ló ni ín. Mo ní tíṣà ni mí, ìjọba ti ń yọ owó orí lára owó oṣù mi, èyí kì í ṣe tèmi, àgbàtà ni, Ìyá Ṣadé ní Ìsẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Ìdajì aṣọ yẹn jẹ́ tèmi, Fọlákẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo tún bu omi fún wọn mu kí wọ́n tó lọ.

Wọ́n lọ bá a ní Ìsẹ̀, wọ́n ṣírò gbogbo aṣọ náà sí i lọ́rùn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì wá bi mí. Ó rò pé òun ló ṣi ọjà òun kà, nítorí pé òun náà kò kọ nǹkankan sílẹ̀. Ó san án. Owó tó ti ń kó jọ fún Ṣadé láti wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ló fi san án. Ọdún yẹn Ṣadé kò lọ, nígbà tó sì di ọdún kejì, wọ́n ti mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó wá bá mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, ó ní ká jọ fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà. Mo kúnlẹ̀, mo bá a gbàdúrà sí i. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó kú, mi ò sọ fún un.

Ìdáhùn mi rèé. Rárá. O ò ní fi àkáǹtì mi gbowó. Mi ò bínú sí ọ, mi ò sì rò pé olè ni ọ́. Ẹ̀rù ló bà ọ́, bó ṣe ba èmi náà nígbà yẹn, a sì wá ẹni tó fẹ́ràn wa láti sá sẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ń kẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò fi lè gbà fún ọ.

Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí síbí kí n fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo tún un kà, mo rí i pé mò ń kọ́ ọ ní ohun tí èmi fúnra mi kò ì tíì ṣe. Mo máa lọ sí Ìsẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí Ṣadé bá ní òun ò fún ọ ní báàgì mọ́, èmi ni kí o bínú sí.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Mo ti lọ, mo ti dé.

Mo bá Ṣadé nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán okùn mọ́ báàgì. Ó dìde kí mi, "Màmá Tíṣà, ẹ káàbọ̀," ó fún mi ní àga, ó ní ṣé kí òun se iṣu. Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, mi ò yọ ibi àdúrà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó wá béèrè nǹkan kan ṣoṣo.

Ó ní, "Èló ni?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò béèrè nígbà yẹn, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Màámi náà kò sọ iye rẹ̀ fún mi rí. Mo sì máa ń fẹ́ mọ iye owó tó gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ yìí." Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi tó bá pariwo. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì ní parọ́ fún ọ pé ó sọ ọ́.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó kó báàgì mẹ́fà jáde, ó kà wọ́n níwájú mi. Ó wá ya ewé kan nínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó kọ iye báàgì sí i, ó kọ owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ. Ó na bírò sí mi. Ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, Màmá." Láti ọjọ́ tí èmi àti ìdílé wọn ti mọra, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ déètì.

Awakọ̀ tó máa gbé lẹ́tà yìí wá ló máa gbé àwọn báàgì náà wá. Ewé ìwé yẹn wà nínú àpò lẹ́tà, mo ká a sí méjì. Tọ́jú rẹ̀, kí o mú un dání pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ yòókù nígbà tí o bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé mo gba báàgì mẹ́fà. Ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kí orúkọ mi wà nínú ọjà rẹ.

Èmi ni,
Màámi.